Bẹ́ ẹ ṣe lè dá òfin tó ń ni èèyàn lára mọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, òfin tó fẹ́ rẹ́ yín jẹ kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, orúkọ tó dáa ló máa ń jẹ́. Bíi kí wọ́n gbé òfin tuntun jáde l'Ókè-Mọ́sàn (ibi tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn wà) àbí l'Ábújá, ẹ fi àkọlé sílẹ̀ jàre, ẹ wá ẹni tó máa sanwó àtẹni tí wọ́n máa mú.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń lò ó. Owó orí ilẹ̀ Ẹ̀gbá níbí, 1918 ló bẹ̀rẹ̀, ọkọ ń san tiẹ̀, ìyàwó ń san tiẹ̀ lọ́tọ̀, ọmọbìnrin tó bá ti pé 15 ti wọ̀ ọ́, bí àríyànjiyàn bá sì wà lórí ọjọ́ orí, àwọn agbowó orí á bọ́ aṣọ lára ọmọ ọlọ́mọ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti tó san. Ṣé ìwé òfin ló kọ ìyẹn ni? Rárá o, àmọ́ òfin náà ló fún wọn láyà.

Ẹ wá bèèrè pé ta ló jókòó níbi tí wọ́n ti ṣe é. Nígbà yẹn, ìyá aláàdìrẹ n'Ítòkú ń sanwó, kò sóbìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an.

Ẹ tún wò ó bóyá èèyàn lè fi ẹjọ́ ẹ̀ sùn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń tilẹ̀kùn. Nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fẹ́ wọ́de torí owó orí yìí, ìjọba ò fún wọn ní pámíìtì, ni wọ́n bá ní píníìkì làwọn ń lọ 😂. 1948 ni wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀.

Tí òfin bá ya ọkùnrin sọ́tọ̀ lára obìnrin, ẹ pààrọ̀ wọn kẹ́ ẹ wò ó. Nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò lápá gúúsù Nàìjíríà, ẹni tó bá fọwọ́ kan ọkùnrin lọ́nà ìṣekúṣe lè fẹ̀wọ̀n ọdún 3 jura (section 353), tó bá jẹ́ obìnrin, ọdún 2 (section 360), ẹ gbà mí! Òmíràn ò tiẹ̀ ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, bíi ìdánwò ìwé kíkà tí wọ́n ń fi lé àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò nídìí ìbò lápá gúúsù Amẹ́ríkà títí di 1965.

Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé kò dáa, ìgbà tó ṣì jẹ́ bíìlì (àbá òfin) ni kẹ́ ẹ ti gbé ìwé yín lọ sí public hearing, ìjókòó tí ilé aṣòfin ti ń gbọ́ tẹnu aráàlú. Bí gómìnà tàbí ààrẹ bá fi lè fọwọ́ sí i, ó di kóòtù tàbí ìwọ́de, ẹ sì mọ iye tí lọ́yà ń gbà.