Bí A Ṣe Lè Fi Kọ̀ǹpútà àti Iṣẹ́ Àjùmọ̀ṣe Kọ́ni Bí A Ti Ń Kọ Ìlànà Lílo Ẹ̀rọ

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní bí a ti ń kọ ìlànà lílo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ gan-an síwájú wọn. Ní Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín, jẹnẹrétọ̀ kékeré ló dára jù lójú mi, nítorí pé àti ọmọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àti onígbàjámọ̀ ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò fọwọ́ kàn án rí.

Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta-mẹ́ta, kọ̀ǹpútà kan fún ẹgbẹ́ kan. Google Docs, ètò ìkọ̀wé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wúlò fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó ń tọ́jú àwọn ẹ̀dà àtẹ̀yìnwá, olùkọ́ á sì lè rí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi kún un bí oníkálukú bá fi orúkọ tirẹ̀ wọlé.

Ibi tí ẹ̀kọ́ ti ń wọra jù lọ ni ìdánwò ìlànà tí wọ́n bá kọ, ìta gbangba sì ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ pe ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn kí ó ka ìlànà náà sókè, kí ó ṣe kìkì ohun tí ó kà, kí àwọn tó kọ ọ́ sì panu mọ́. Bí wọ́n bá kọ "Fa okùn náà kí ó tan", tí wọn kò sọ pé kí a kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà epo, kí a tan bọ́tìnì, kí a sì pa choke (ìdérí tó ń dín afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú ẹ̀rọ kù) dé, òǹkàwé á fa okùn títí apá yóò fi máa ro ó, ẹ̀rọ kò sì ní dáhùn. Albert Bandura, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Stanford, fi yé wa pé ènìyàn ń kọ́gbọ́n láti ara ohun tí ó rí tí ẹlòmíràn ń ṣe àti ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Bí àwọn tó kọ ìlànà ti ń wo òǹkàwé yìí ni wọn yóò rí ohun tí wọ́n fò. Kí wọ́n padà sídìí kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fi ìkìlọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ẹ má gbà fún wọn rárá. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó sì lè pa ènìyàn sójú oorun. Nítorí náà, "Má ṣe tan án nínú ilé tàbí lẹ́bàá fèrèsé" gbọ́dọ̀ ṣáájú "Fa okùn".

Nínú àkíyèsí tí wọ́n ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ ara wọn, "ó dára" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí wọ́n tọ́ka sí gbólóhùn tí ó dá òǹkàwé dúró. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìdánwò ni kí ẹ fún ní máàkì tó pọ̀ jù.