Ìlẹ̀kẹ̀ Oògùn Tó Tú: Ẹ Má Tíì Pàtẹ́wọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ṣe jẹ́ẹ̀lì tó ń gbé oògùn dé inú ara ní láàbù wa ní Àkúrẹ́, orí alginate ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn lúbúlúbú tí wọ́n ń fà yọ lára ewéko òkun. Wàhálà àkọ́kọ́ kì í pẹ́ dé: wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sómi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ti ro àmàlà rí mọ ìyókù. Á di kókó, ẹ̀yìn á rọ̀, inú á gbẹ. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ máa rò, kí ẹ wá máa wọ́n lúbúlúbú sí i bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Distilled water ni kó jẹ́ o. Omi kànga tí calcium pọ̀ nínú rẹ̀ lè mú un dì lójijì.

Ìyẹn kékeré. Èyí tó ń dùn mí ni ti bí a ṣe ń dán jẹ́ẹ̀lì náà wò.

Tí a bá ń kán alginate tó ní oògùn nínú sínú omi calcium chloride, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á di ìlẹ̀kẹ̀ roboto. Calcium ló so ó pọ̀. Nínú ásíìdì àpòlúkù, á súnkì, á di oògùn mú. Tó bá dé ìfun, níbi tí pH (ìwọ̀n bí omi ṣe ní ásíìdì tó) ti sún mọ́ 7, á wú, á sì tú oògùn sílẹ̀.

Èmi náà kó ìlẹ̀kẹ̀ sínú phosphate buffer pH 7.4 (omi tí a fi iyọ̀ phosphate pò kí pH rẹ̀ má baà yí padà) nígbà kan. Kò pé wákàtí 3 tó fi di ogì. Mo sáré pe ọ̀gá mi: “Ẹ wá wò ó, sà! Ó ti mọ̀ pé òun dé ìfun!” Wọ́n wo inú bíkà, ìyẹn ife láàbù, wọ́n ní, “Ṣé ó dá ẹ lójú pé pH ló tú u, àbí phosphate ló jí calcium rẹ̀ kó?”

Ẹnu mi wọhò. Phosphate a máa fa calcium mọ́ra. Buffer tí wọ́n fi citrate ṣe tún burú jù ú lọ. Phosphate inú ìfun èèyàn kò sì tó ti inú bíkà yẹn, bicarbonate ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ fi ìdajì ìlẹ̀kẹ̀ yín sínú Tris buffer, èyí tí kò ní phosphate, tí pH rẹ̀ bá ti phosphate buffer mu, kí iyọ̀ inú méjèèjì sì dọ́gba, torí sodium náà máa ń gba ipò calcium. Tiwa wú nínú Tris, ṣùgbọ́n kò fọ́. Ojú ìwé 4 nínú ìwé iṣẹ́ mi ni mo fà ya lálẹ́ ọjọ́ náà.

Tí ẹ bá fẹ́ wọn ìlẹ̀kẹ̀ tó ti wú, ẹ kọ́kọ́ fi bébà fa omi ara rẹ̀ gbẹ.

Chitosan tí àwọn míì ń lò dípò alginate ńkọ́? Ìkarahun edé àti alákàn, irú èyí tó kún ọjà Ìgbókòdá, ni wọ́n ń fi ṣe é, ṣùgbọ́n ásíìdì ló ń yọ́ ọ. Ẹni tó bá fi òun nìkan di oògùn ìfun láì so ó pọ̀, àpòlúkù ni yóò tú u sí. Bí ẹ bá sì fi kẹ́míkà glutaraldehyde so ó, ẹ fọ̀ ọ́ títí. Májèlé ni kẹ́míkà yẹn, bó ti wù kí edé yẹn jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run tó.