Bí ẹ ṣe lè sọ olóṣèlú di alángbá tó fẹ́ràn ológbò, láìparọ́ mọ́ ọn

Ẹ̀fẹ̀ tí mo ń kọ jù lórí ayélujára ni èyí tó ní olóṣèlú kan kì í ṣe èèyàn, pé ó kàn gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀ ni, ológbò ilé rẹ̀ nìkan ló sì mọ̀. Àwọn tó ń kà á máa ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ń ṣe é tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbé mi lọ sílé ẹjọ́. Kò le. Ohun tó ń ba tiwọn jẹ́ ni pé wọ́n fẹ́ kí àwọn tó ń kà á gbà wọ́n gbọ́. Tí ẹni kan ṣoṣo bá gba tèmi gbọ́, mo máa ń yọ ọ́ kúrò.

Ìṣesí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ẹ má wojú. Ẹ wá fídíò olóṣèlú náà níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ ní gbangba, kí ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ kàn máa wò ó. Kí ló ń ṣe tí èèyàn kì í sábà ṣe? Ẹlòmíì kì í ṣẹ́jú. Ẹlòmíì, ìgbà tí gbogbo ilé bá rẹ́rìn-ín tán ni tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n rán an létí. Mínísítà kan wà tí mo ń kọ nípa rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Tí wọ́n bá ti bi í léèrè owó, ife omi ló máa ń nawọ́ sí. Á gbé e dé ẹnu, á sì gbé e sílẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ife yẹn dáadáa: omi inú rẹ̀ kì í dín! Ibi tí ẹ̀fẹ̀ wà nìyẹn, torí gbogbo ẹni tó bá ti rí fídíò náà rí ló máa ní "háà, òótọ́ ni o." Bó ṣe sanra tó, àwọ̀ rẹ̀, ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ fi àìsàn sílẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2017, Ààrẹ Muhammadu Buhari lò ju 100 ọjọ́ lọ nílùú London nítorí ìtọ́jú ara. Àsọkiri bá gbòde pé ó ti kú, pé ẹnì kan tó ń jẹ́ Jubril láti Sudan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá 2018, òun fúnra rẹ̀ ló dìde ní Pólàńdì tó ń sọ fáwọn èèyàn pé òun gan-an rèé. Àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ àwọn mìíràn ń búra sí i, wọ́n ń gbé àwòrán àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Ẹni méjì kúkú lè jọra, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà ò fi dúró sórí ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀dá tí ẹ bá máa sọ olóṣèlú yín dà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ò ṣeé ṣe rárá.

Ẹ gbé e wò pẹ̀lú ti John Key, olórí ìjọba New Zealand nígbà kan. Ní 2014, ẹnì kan lo òfin tó fún ará ìlú láyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, ó ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá pé Key kì í ṣe ẹranko afàyàfà láti òde ayé tó ń para dà di èèyàn. Nígbà táwọn oníròyìn bi Key, ó ní òun ti lọ rí dókítà, òun tún ti lọ rí dókítà ẹranko, àwọn méjèèjì sì ti jẹ́rìí sí i pé òun kì í ṣe ẹranko afàyàfà. Ó ní òun ò wọ ọkọ̀ òfuurufú àwọn ará òde ayé rí, àti pé ahọ́n òun náà ò gùn jù. Ta ló máa pe irú èyí ní ìbanilórúkọjẹ́?

Ó wá ku ológbò. Ẹ má fojú kékeré wò ó, torí òun ló ń jẹ́ kí ara tu èèyàn nínú ẹ̀fẹ̀ yìí. Àwọn olóṣèlú náà mọ iyì rẹ̀. Láti oṣù Kejì 2011 ni ológbò kan tó ń jẹ́ Larry ti ń gbé ní 10 Downing Street, ilé olórí ìjọba Britain nílùú London, ó ní oyè lẹ́nu iṣẹ́, eku pípa sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí David Cameron dáhùn ìbéèrè àwọn aṣòfin kẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba ní 2016, ó gbé fọ́tò kan sókè níwájú ilé aṣòfin, tó fi Larry hàn lórí itan rẹ̀, torí àwọn kan ń sọ pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Odindi olórí ìjọba ló ń wá ẹ̀rí lórí ọ̀rọ̀ ológbò! Nítorí náà, ẹ má sọ ológbò di ẹran ọ̀sìn lásán. Ẹ fún un níṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti mínísítà olómi hàn yín. Bí mo ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́ nìyí: "Ọkùnrin yìí kì í ṣe èèyàn o! Ẹranko ni! Ẹ wo bó ṣe ń gbé ológbò kiri!" Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló máa ń ka ohun tí mo bá kọ kí n tó gbé e jáde. Ó ní, "Àbúrò, èébú lèyí. Ta ló fẹ́ rẹ́rìn-ín níbẹ̀?" Mo tún un kọ: "Mínísítà wa, inú òṣùpá ló ti wá. Ológbò rẹ̀ ló ń kọ́ ọ ní ìwà èèyàn." Ẹ̀gbọ́n mi ní ó sàn díẹ̀, pé mo ti sọ ọ́ tán ni kò dáa. Ẹ wo èyí tí mo gbé jáde:

"Sí gbogbo òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì mínísítà. Iṣẹ́ ń tẹ̀ síwájú. Ọ̀gá ti lè fi ẹsẹ̀ méjì dúró láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ omi ló ṣì ń yọ wá lẹ́nu: ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ife, kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í léèrè owó, a ò tíì débẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ wa. Èmi ni tiyín, Ológbò."

Kò síbi tí mo ti ní kì í ṣe èèyàn. Ológbò ò tilẹ̀ rí ohun ìyanu kankan níbẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Irọ́ inú rẹ̀ tóbi débi pé ọmọdé á mọ̀ ọ́n ní irọ́. Òótọ́ inú rẹ̀ ò ju bíńtín lọ: wọ́n bi í léèrè owó, kò dáhùn. Mínísítà ò lè jáde sẹ́ apá ti ológbò kó má kan ti owó.

Ní ti àwòrán, èmi kì í fi ẹ̀rọ ya ayédèrú tó jọ òótọ́. Mo máa ń fọwọ́ yà á ni, kó sì burẹ́wà. Tí ojúlówó bá sì wà, kò sí ayédèrú tó lè bá a dọ́gba. Ní oṣù Kẹfà 2019, mínísítà ìpínlẹ̀ kan ní Pakistan, Shaukat Yousafzai, ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ lórí Facebook Live, ẹni tó ń ya fídíò ò mọ̀ pé filter ológbò wà lórí rẹ̀. Bí etí ológbò àti irunmú ṣe yọ lára ọ̀gá nìyẹn, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ìjọba lọ. Òun náà fi ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ní òun nìkan kọ́ ni, ó kan àwọn tó jókòó ti òun náà.

Alágbára kan ṣoṣo ni kí ẹ máa sọ di ẹ̀dá mìíràn, ẹ má ṣe é fún àwùjọ. Wọ́n pe àwọn Tutsi ní aáyán ní Rwanda kí wọ́n tó pa wọ́n nípakúpa ní 1994. Ẹ̀fẹ̀ ológbò náà sì lè ṣìnà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, Donald Trump sọ nínú ìjíròrò orí tẹlifíṣàn pé àwọn àjèjì ń pa ajá àti ológbò àwọn ará Springfield, ní ìpínlẹ̀ Ohio, jẹ. Àwọn aláṣẹ ìlú náà ní àwọn ò rí ẹ̀rí kankan. Ayélujára kún fún àwòrán Trump tó gbé ológbò mọ́ àyà, gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, nígbà tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ jáde nílé ẹ̀kọ́ ní Springfield torí pé àwọn kan ń halẹ̀ bọ́ǹbù. Àwọn ará Haiti tó ń gbé ibẹ̀, àwọn àjèjì tí Trump ń sọ, ni ẹ̀rín yẹn wó lé lórí. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ bi ara yín léèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ náà máa bá nílé. Ẹ má sì pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́ nínú ẹ̀fẹ̀ yìí o. Ẹ̀sùn nìyẹn, àwọn èèyàn sì máa ń gba ẹ̀sùn gbọ́.

Tí ẹnì kan bá wá sábẹ́ ọ̀rọ̀ yín tó ní òun ti mọ̀ tipẹ́, pé òun ní ẹ̀rí, ẹ má bá a ṣeré. Ẹ sọ fún un gbangba pé ẹ̀fẹ̀ ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ olóṣèlú náà ló dáhùn, tó sì fi ẹ̀fẹ̀ dáhùn bíi ti Key, ẹ jẹ́ kó borí. Ẹ kọ ìlà kan péré sí i, "A ti rí i, sà, ológbò ní kí ẹ padà wá sí kíláàsì," kí ẹ sì wá ẹlòmíì.