Ẹ Ń Gba Ọmọ Ọlọ́mọ Tọ́ ní Ẹ́ńgílándì? Káńsù Gbọ́dọ̀ Mọ̀

Gbígba ọmọ ẹbí tàbí ọmọ ọ̀rẹ́ tọ́ kì í ṣe nǹkan tuntun láàárín wa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ní Ẹ́ńgílándì kò fi mọ̀ pé òfin ní ọ̀rọ̀ sọ lórí rẹ̀. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 (tàbí 18 bó bá jẹ́ abirùn) bá máa gbé lọ́dọ̀ yín fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ kì í sì í ṣe òbí tàbí ìbátan rẹ̀, private fostering ni káńsù ń pè é.

Ọ̀rọ̀ ìbátan yìí gan-an ló ń kó wa sí wàhálà. Àwọn tí òfin ọmọdé, Children Act 1989, kà sí ìbátan ni bàbá àgbà àti ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ náà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá tàbí ìyá rẹ̀ (títí kan ọkọ tàbí ìyàwó wọn), àti ọkọ ìyá tàbí ìyàwó bàbá rẹ̀. Ó tán. Àbúrò ìyá àgbà ọmọ náà kò sí níbẹ̀. Ẹni tí òun àti ìyá ọmọ jẹ́ ọmọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kò sí níbẹ̀, ará ṣọ́ọ̀ṣì náà kò sí níbẹ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń pè wọ́n ní àǹtí láti kékeré.

Òfin yìí kì í ṣe àṣejù. Ní 2000, Victoria Climbié, ọmọ ọdún 8 láti Ivory Coast, kú ní London lọ́wọ́ ìyà tí àǹtí bàbá rẹ̀ àti ọ̀rẹ́kùnrin obìnrin náà fi jẹ ẹ́. Káńsù, ọlọ́pàá àti ilé ìwòsàn ti rí ọmọ yìí kó tó kú, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn ìwádìí ìjọba lórí ikú rẹ̀ ni wọ́n mú ìlànà náà le sí i, ní 2005.

Ẹ sọ fún káńsù àdúgbò yín ní ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán kí ọmọ tó dé. Bí àkókò kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òjijì lẹ gba ọmọ, kó má kọjá wákàtí 48. Òbí tó fi ọmọ sílẹ̀ náà ní ojúṣe láti sọ. Ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ọmọdé ní káńsù ni kí ẹ pè. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7, social worker, òṣìṣẹ́ káńsù tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, yóò wá wo ilé àti ibi tí ọmọ ń sùn, yóò bá ọmọ sọ̀rọ̀ lóun nìkan, wọn yóò sì yẹ àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá gbogbo àgbà inú ilé wò. Lẹ́yìn náà, ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ni yóò máa wá ní ọdún àkọ́kọ́, kó tó di ọ̀sẹ̀ méjìlá-méjìlá.

Ohun tó ń dẹ́rù bà àwọn ènìyàn ni pé wọ́n á gba ọmọ lọ. Káńsù lè kọ̀ lóòótọ́ bí ilé náà kò bá yẹ ọmọ, ṣùgbọ́n pé ẹ wá fẹnu ara yín sọ ọ́ kì í ṣe ìdí tí wọn yóò fi gba ọmọ. Fífi pamọ́ ló ń fa ìfura. Ẹ má kọ́ ọmọ láti máa pe ara rẹ̀ ní ọmọ yín níléèwé: ìwé rẹ̀ yóò tú u, ọmọ á sì máa gbé irọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ kiri.

Àṣẹ lórí ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ gba lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ sí, tó sọ ẹni tó lè gbà kí dókítà tọ́jú ọmọ, nọ́ńbà tí a fi lè rí wọn lóru, àjẹsára tó ti gbà, àti oúnjẹ tàbí oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀. Káńsù kò ní san owó àgbàtọ́ fún yín. Òbí ló ni ìnáwó, ẹ jọ ṣàdéhùn rẹ̀ kí ọmọ tó dé. Ẹ wo ọjọ́ tí físà rẹ̀ yóò parí pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí, ọmọ á wá di ọdún 18 láìní ìwé, ọ̀nà yunifásítì àti iṣẹ́ á sì dí mọ́ ọn.

Bí ọmọ bá sì ti kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹ sọ fún káńsù láàárín wákàtí 48, kí ẹ sì fún wọn ní orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó gbà á.