Ta Ló Ṣe Sódárìn Áyọ́ọ̀nù Àtijọ́ Yìí? Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé

Ẹ má tíì kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì o. Nínú àpótí irinṣẹ́ bàbá tó ti ṣaláìsí, nínú ẹrù tòkunbọ̀ tí ẹ rà ní gbàǹjo, tàbí lábẹ́ tábìlì oníṣẹ́ rédíò tó fẹ́ kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ lè rí sódárìn áyọ́ọ̀nù kan, irinṣẹ́ tí ẹnu rẹ̀ ń gbóná láti yọ́ lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń so wáyà pọ̀, tó dàgbà ju ẹni tó gbé e lọ́wọ́ lọ. Ó wúlò gan-an. Ọ̀pọ̀ iná sólà, tọ́ọ̀ṣì, rédíò àti ẹ̀rọ ìfín-oògùn oníbátìrì tí a ń jù sẹ́yìn ilé, wáyà kan ṣoṣo ló já nínú wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lò ó, ẹ wá ẹni tó ṣe é. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ló máa jẹ́ kí ẹ mọ irú iná tó ń jẹ, ọjọ́ orí rẹ̀, ibi tí ẹ ti lè rí ẹnu tuntun fún un, àti bóyá nǹkan eléwu wà nínú rẹ̀.

Ẹ kà á kí ẹ tó fọ̀ ọ́

Ìkánjú ló ń pa orúkọ rẹ́. Bí irinṣẹ́ àtijọ́ bá ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, sáńpépà la kọ́kọ́ máa ń mú, tàbí kànìnkànìn onírin, tàbí pẹtiróòlù. Sáńpépà á há lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára irin. Pẹtiróòlù àti tínà á ṣí ọ̀dà tí wọ́n fi kọ̀wé sára èèkù onígi. Èyí tó bá sì ti lọ ti lọ nìyẹn. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ, irú èyí tí a fi ń fọ eyín, ti tó fún ọ̀pá irin, aṣọ rírọ̀ tí omi kàn díẹ̀ sì ti tó fún èèkù. Bí aṣọ bá bo wáyà rẹ̀, ẹ má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì kan wáyà náà rárá; ẹ ó rí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ gbé e wọ yàrá tó ṣókùnkùn, kí ẹ tan iná fóònù yín láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lé ọ̀pá irin lórí. Ẹ máa yí irin náà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́tà tí ojú kò rí lójú oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òjìji. Bí wọ́n bá tẹ lẹ́tà náà wọnú, ẹ fi ìka fi ẹfun tàbí èlùbọ́ tó kúnná pa ojú ibẹ̀, kí ẹ wá nu òkè rẹ̀ kúrò. Èyí tó kù sínú lẹ́tà ni ẹ ó kà. Bó bá jẹ́ pé ó yọ síta ni, bí ti ọ̀pọ̀ èèkù oníke, ẹ tẹ́ bébà fẹ́lẹ́ lé e, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù rà á jẹ́jẹ́. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, títí kan lẹ́tà tí kò tíì yé yín.

Òrùka irin tó so èèkù mọ́ ọ̀pá tó ń gbóná ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń tẹ orúkọ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ọ̀pá náà ká, ẹ wo ìdí èèkù níbi tí wáyà ti wọlé, kí ẹ sì wá àmì bébà tàbí ọ̀dà lára èèkù onígi.

Orúkọ tó lè tàn yín jẹ

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí náà ẹ fara balẹ̀. Orúkọ tó wà lára púlọ́ọ̀gì kì í ṣe orúkọ ẹni tó ṣe áyọ́ọ̀nù. Bí ẹ bá rí MK níbẹ̀, àwọn tó ṣe púlọ́ọ̀gì nìyẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di nǹkan bí ọdún 1994 tí òfin yí i padà, ọ̀pọ̀ ohun èlò oníná ni wọ́n ń tà láìní púlọ́ọ̀gì; ẹni tó rà á ló máa wá púlọ́ọ̀gì dè é fúnra rẹ̀. Ẹnu bàbà pẹ̀lú, ó ń jẹ, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀, torí náà orúkọ tó bá wà lára rẹ̀ lè jẹ́ ti ẹlòmíràn pátápátá.

UL tó wà nínú òrùka róbótó kì í ṣe olùṣe. Àwọn tó ń dán ohun èlò wò ní Amẹ́ríkà ni, láti ọdún 1894. VDE náà rí bẹ́ẹ̀ ní Jámánì. Ohun tí àmì wọn sọ fún yín ni ọjà tí wọ́n ṣe é fún, ìyẹn náà sì wúlò.

Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé wọ́n kàn ń tà ni. Ilé ìtajà Sears ní Amẹ́ríkà tẹ orúkọ Craftsman sára irinṣẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe fún un. Bí nọ́ńbà Craftsman bá ní àmì ìdánudúró (.) lẹ́yìn nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́, nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ni Sears fi ń dá ilé-iṣẹ́ tó ṣe é mọ̀. Ẹ má jẹ́ kó já lójú yín nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìlú tó ti wá

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi gbà pé orúkọ ìlú tí wọ́n kọ wínníwínní sí ìsàlẹ̀ lágbára ju orúkọ ńlá tó wà lókè lọ, nítorí orúkọ ọjà lè ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ìlú sì máa ń fi ìgbà hàn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan wò dáadáa. Ó rí bí ìbọn ìléwọ́. Ara rẹ̀ jẹ́ Bakelite, ike líle tó máa ń dúdú tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ọ̀pá bàbà méjì yọ jáde níwájú, wáyà bàbà kan tí wọ́n tẹ̀ kọdọrọ ló so wọ́n pọ̀ ní ṣóńṣó. Bí ènìyàn bá fa ohun tí a ń fà lára ìbọn, gílóòbù kékeré kan á tàn, ẹnu rẹ̀ á sì gbóná láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nítorí tiransifọ́mà ló wà nínú rẹ̀ tó ń ti iná púpọ̀ gba inú wáyà kúkurú yẹn kọjá. Lára rẹ̀ ni wọ́n kọ: Weller Mfg. Co., Easton, Pa.

Easton wà ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ibẹ̀ ni Carl Weller ti ń tún rédíò ṣe, tí dídúró de áyọ́ọ̀nù kó tó gbóná sì sú u. Ní 1941 ló béèrè fún páténtì, ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó ṣẹ̀dá ohun tuntun. Wọ́n fún un ní 1946, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 2,405,866. Bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà yẹn sí Google Patents, àwòrán inú ìbọn náà á yọ sí yín. Ní 1970, ilé-iṣẹ́ Cooper ra Weller. Nítorí náà, bí orúkọ Cooper bá wà lára tiyín, ó ti kọjá 1970. Bó bá jẹ́ Easton nìkan ni, láìsí Cooper, ó ṣeé ṣe kó ti wà ṣáájú ìgbà náà.

Nọ́ńbà páténtì Amẹ́ríkà rọrùn láti fi díwọ̀n ọdún: wọ́n dé 1,000,000 ní 1911, 2,000,000 ní 1935, 3,000,000 ní 1961. Ohun tó ń sọ ni pé irinṣẹ́ náà kò lè ṣáájú ọdún yẹn. Ó lè jẹ́ pé ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tó ṣe é. Nọ́ńbà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ètò tirẹ̀, ẹ má fi òṣùwọ̀n ti Amẹ́ríkà wọ̀n ọ́n.

Àdírẹ́sì náà ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí irú Chicago 13, Ill., nọ́ńbà kékeré lẹ́yìn orúkọ ìlú yẹn jẹ́ ti àárín 1943 sí 1963. ZIP, nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ní nọ́ńbà márùn-ún, bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Made in Occupied Japan jẹ́ ti ìgbà tí ológun ilẹ̀ òkèèrè ń ṣàkóso Japáànì, èyí tó parí ní 1952. Western Germany tàbí West Germany wà láàárín 1949 sí 1990. D.R.P. tàbí D.R.G.M., àmì ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá ní Jámánì àtijọ́, sì jẹ́ ti ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì parí.

Àwọn tí ẹ lè bá pàdé

Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Solon, tí W. T. Henley ṣe, Adcola, ti Clapham ní London, Litesold, ti Croydon, àti Antex ti Plymouth, tó sábà máa ń kéré, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bíi báírò. Ní Jámánì, Ersa ni orúkọ tó gbajúmọ̀ jù. Ernst Sachs ló dá a sílẹ̀ ní Berlin ní 1921, Wertheim ló sì wà báyìí, nítorí náà Berlin lára Ersa jẹ́ àmì àgbà. Hakko ti Osaka ní Japáànì bẹ̀rẹ̀ ní 1952.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pọ̀: Hexacon ní Roselle Park, New Jersey, Drake ní Chicago, Esico ní Deep River, Connecticut, Ungar ní Los Angeles, Wall ní Grove City, Pennsylvania. American Beauty jẹ́ ti American Electrical Heater Company ní Detroit, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1894. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ló fi orúkọ yẹn ta áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ. Bí ẹ bá ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwòrán aṣọ àti áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ ń jáde, ẹ kò ṣìnà. Ẹ fi Detroit àti nọ́ńbà ara rẹ̀ kún ohun tí ẹ ń wá.

Bí kò bá sí orúkọ rárá

Ẹ wo síkúrù rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo irú síkúrù kan tí wọ́n ń pè ní BA sára ohun èlò iná fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì bá nọ́ọ̀tì onímílímítà tàbí ti Amẹ́ríkà mu. Bí nọ́ọ̀tì inú ilé yín kò bá wọ̀ ọ́, ẹ má fi ipá wọ̀ ọ́.

Ẹ wo àwọ̀ wáyà. Pupa, dúdú àti àwọ̀ ewé jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Láti nǹkan bí 1970 ló ti di àwọ̀ ilẹ̀, búlúù, àti àwọ̀ ewé oníyẹ́lò. Ẹ ṣọ́ra níbí: lára ohun èlò Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, pupa ni iná wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n lára ti Jámánì àtijọ́, pupa ni wáyà tó so ara irin mọ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá de púlọ́ọ̀gì mọ́ ti Jámánì bí ẹni ń de ti Gẹ̀ẹ́sì ti gbé iná sára irin tí ènìyàn fẹ́ fọwọ́ kàn nìyẹn. Oníná tó mọṣẹ́ ni kí ẹ jẹ́ kó de é.

Mítà tí a fi ń wọn iná lè ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ kò lè dá ẹjọ́ náà. Áyọ́ọ̀nù 100 wáàtì oní-240 fólítì á ka 576 óòmù, òṣùwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà. Áyọ́ọ̀nù 25 wáàtì oní-120 fólítì náà á ka 576. Ìwọ̀n ara rẹ̀ ni ẹ ó fi yà wọ́n sọ́tọ̀: èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi báírò kò lè jẹ́ 100 wáàtì, èyí tó nípọn bí àtàǹpàkò kò sì lè jẹ́ 25. Kí mítà náà tún wà láàárín ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì tí iná ń gbà àti ara irin. Bó bá ka ohunkóhun níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Iná tó ń jẹ, àti ohun tó ń pani lára

Èyí tó bá ní 110, 115, 117 tàbí 120 fólítì kì í ṣe ti iná ilé wa. Bí ẹ bá kì í bọ 240, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin: 100 wáàtì á di nǹkan bí 400, á sì jóná. Ti Weller oníbọn kò ní í pẹ́ rárá. Ẹ wá tiransifọ́mà tó ń sọ iná ilé di 110, kí agbára rẹ̀ sì ju ti áyọ́ọ̀nù náà lọ. Èyí tí wọ́n kọ 230-250 sí lára bá iná wa mu. Àwọn oní-12 àti oní-24 fólítì wà pẹ̀lú, tí wọ́n ṣe fún bátìrì tàbí tiransifọ́mà, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lójú.

Wáyà tí aṣọ bò, tó wú bí òwú funfun tàbí eérú níbi tó ti já, lè ní asbestos nínú, ohun bí òwú tí wọ́n fi ń dí ooru. Èkuru rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àìsàn rẹ̀ sì lè pẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún kó tó yọjú. Ẹ má gé e, ẹ má ha á, ẹ má sì jó o. Ẹ fi omi rin ín, kí ẹ fi ọ̀rá méjì wé e. Lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ní òjé nínú: ẹ má lò ó nídìí ààrò, ẹ má fi dí ìkòkò tàbí ife, kí ẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun, kí aláboyún àti ọmọdé sì jìnnà síbẹ̀.

Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ kọ orúkọ, ìlú, fólítì àti wáàtì rẹ̀ sórí káàdì kékeré, kí ẹ so ó mọ́ wáyà rẹ̀ kí ẹni mìíràn nínú ilé má bàa kì í bọ iná láìmọ̀. Bó bá sì wù yín láti tà á, ẹ má kun èèkù rẹ̀, ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń kó irinṣẹ́ àtijọ́ jọ fẹ́ràn èyí tí èèkù àti orúkọ rẹ̀ ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é, kódà bí kò bá gbóná mọ́.