Bí a ṣe ń tú orúkọ ìṣègùn tó gùn: ẹ mú cholecystectomy

Ẹ wá bébà àti pẹ́ńsù. Èmi ò kì í fi fóònù ṣe é, ojú á kàn fò kọjá lẹ́tà tó ṣe pàtàkì. Ẹ kọ cholecystectomy gàdàgbà.

Láti ìdí ọ̀rọ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí ló ń sọ ohun tí wọ́n ṣe, iwájú ló ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é.

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á rí -tomy, wọ́n á ní “gígé” ni, ó tán. Kò tán o! Ẹ wo lẹ́tà tó ṣáájú. Tó bá jẹ́ -otomy, tome ti èdè Gíríìkì ni: wọ́n kàn là á. Tó bá jẹ́ -ectomy, ek, ìyẹn “jáde”, ti wọ inú rẹ̀: wọ́n gé e kúrò. Tó bá wá jẹ́ -ostomy, stoma, “ẹnu”, ló wà níbẹ̀: wọ́n dá ojú ihò sí i.

Lọ́dún 1867, dókítà John Bobbs ní Indianapolis, Amẹ́ríkà, la àpò òróòro aláìsàn kan, ó kó òkúta inú rẹ̀ jáde: cholecystotomy nìyẹn. Lọ́dún 1882, dókítà Carl Langenbuch ní Berlin, Jámánì, yọ odindi àpò náà: cholecystectomy. Ẹni tó bá pe ti Berlin ní ti Indianapolis ti dá àpò padà sí ikùn ẹni tí kò ní in mọ́.

Ìyókù ò le. Kystis ni àpò, chole ni òróòro. Ẹ má wá lẹ́tà o kiri kí ectomy tó bẹ̀rẹ̀. Fáwẹ́lì ló fi bẹ̀rẹ̀, o ti pa jẹ, bí gbé odó ṣe ń di gbódó.

Ẹ yẹ gbogbo rẹ̀ wò nínú ìwé atúmọ̀-èdè tó nípọn. Pélébé tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò kì í sábà sọ orírun ọ̀rọ̀. Tówó ò bá sí, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, tàbí kí ẹ lo Etymonline, ìkànnì tó ń sọ orírun ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ fi nephrolithotomy dánra wò: nephros ni kíndìnrín, lithos ni òkúta. -otomy ló parí rẹ̀ o, ẹ má yọ kíndìnrín oníkíndìnrín.