Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ dín oògùn ìsoríkọ́ kù
Ẹ jọ̀ọ́, tí dókítà bá ti ń bá yín dín oògùn ìsoríkọ́ kù, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ dín in sínú fóònù, kẹ́ ẹ sì máa kọ bó ṣe ń ṣe yín lójoojúmọ́, torí òòyì, èébì, àlá burúkú àti nǹkan tó ń ṣe wìì nínú orí bí ìgbà tí iná gbé èèyàn, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ló sábà máa ń dé tó bá jẹ́ oògùn tó dín kù ló fà á, àmọ́ tó bá jẹ́ àìsàn yẹn ló ń padà, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń wọlé. Ẹ fi han dókítà, ó lè ní kẹ́ ẹ dá ìwọ̀n oògùn náà padà sí ti tẹ́lẹ̀. Fluoxetine, tóun náà jẹ́ oògùn ìsoríkọ́, ò rí bẹ́ẹ̀ ṣá, ó máa ń pẹ́ lára, tiẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó yọjú. Tó bá wá ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ pa ara yín, ẹ má kọ nǹkan kan o, ọsibítù ni kíá.